Ohun Tí Kò Ṣẹlẹ̀

Aago mẹ́fà ààbọ̀. Ìrì ṣì wà lórí páànù Òkè Àrẹ̀mọ.
Mo gbé àpótí tútù kọ́ èjìká òsì,
èjìká tó ti tẹ̀ sísàlẹ̀ ju èkejì rẹ̀ lọ
láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń gbé e.
Ọmọ kan ké sí mi láti ojú fèrèsé ní Yemẹtú:
"Ìyá aláìsìkirimù, èló lẹ̀ ń tà á?"
Mo ní, ọmọ mi, n kò tà á.
Òun ló máa ń ta èèyàn, díẹ̀ báyìí, lápá.

Ní Fọ́kọ, Tìjání aránbàtà ti jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù.
Bàtà méjì méjì ló ń rán fáráyé,
ẹyọ kan ṣoṣo ni tirẹ̀ máa ń jẹ.
Lọ́dún tí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wọ agboolé wọn,
ìyá rẹ̀ gbé e pamọ́ sẹ́yìn àpò gaàrí,
torí wọ́n ní ẹ̀kán oògùn méjì yẹn
á gba irú-ọmọ lára ọmọkùnrin.
Tìjání ti bí márùn-ún báyìí.
Kò bá ìyá rẹ̀ jà títí tí ìyẹn fi kú.
Àmọ́ bí mo bá ti ń kọjá,
á na ẹsẹ̀ náà síta fún àwọn abiyamọ tó wá gba bàtà:
"Ẹ wò ó dáadáa, kẹ́ ẹ tó lé obìnrin yìí."

Mọ̀rẹ́nikẹ́ bi mí, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, ìbínú lójú rẹ̀:
"Ara tó ń le kokooko, ẹ fẹ́ kó àrùn sí i?"
Mo ní, ọdẹ àdúgbò yín ńkọ́?
Bí wọ́n bá mú àwòrán olè wá hàn án lọ́sàn-án gangan,
ṣé olè ti jà nìyẹn?
Àwòrán kì í gbé tẹlifíṣàn.
Ṣùgbọ́n lóru tí olè fúnra rẹ̀ bá fo fẹ́ńsì,
ọdẹ kò ní máa bi í pé, "Ta lẹ̀ ń wá?"
Ara ọmọ yìí lè gbóná lálẹ́ òní.
Ọdẹ ló ń sáré kiri, ó ń dán fèrè rẹ̀ wò.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò gbà.
Mo padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti ilẹ̀kùn.
Mo tún padà. Ó ní kí n jókòó, ó gbé omi wá.
Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó tú ọ̀já.

Ní Bẹẹrẹ, òrùlé ń gun òrùlé lẹ́yìn,
ikọ́ ilé kan ni oorun ilé kejì.
Ọmọ oṣù mẹ́ta kò tíì tó gba ti èéyi;
apá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ògiri rẹ̀.

Bàbá mi wà lára àwọn tó ń kó pàǹtí
nínú odò Ògùnpa kí òjò tó dé.
Ọdún tí wọn ò bá kó o, gbogbo ìlú á mọ̀.
Ọdún tí wọ́n bá kó o, kò sẹ́ni tó mọ̀.
Ta ní ń dúpẹ́ àgbàrá tí kò wọlé?
Mo jogún iṣẹ́ náà, omi rẹ̀ ló yàtọ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, màá dá àpótí padà fún ìjọba.
Wọ́n ní kí n kọ iye tí mo ti ṣe.
Iye abẹ́rẹ́ wà nínú ìwé.
Pósí kékeré tí káfíńtà kò kàn ńkọ́,
orúkọ tí ìyá kan kò dẹ́kun pípè,
níbo ni wọ́n ń kọ ìyẹn sí?

Bọ́ọ̀lù kan gbá àpótí mi gbàù ní ìsàlẹ̀ òkè.
Ọmọkùnrin kan sáré wá mú un,
ikun nímú, eruku lórí, ẹsẹ̀ méjèèjì.
Èmi ni mo kọ káàdì rẹ̀.
Kò mọ̀ mí rí.
"Ẹ má bínú, Ìyá aláìsìkirimù,"
ó sì ti lọ.